Ilé-Ìwé Abúlé ní Ilẹ̀ Ìlọrin: Ta Ni Ó Ni Ín?

Púpọ̀ nínú wa ni ó ń gbé ìlú ńlá ní òde òní, tí ó sì jẹ́ pé ìwé ni a fi ń jẹun, ìbáà ṣe nínú ọ́fíìsì, ìbáà ṣe nínú ìsọ̀ níbi tí a ti ń ṣírò èrè àti àdánù. Ṣùgbọ́n bí a bá bi olúkúlùkù léèrè pé níbo ni ó ti kọ́kọ́ kọ lẹ́tà A sí ara síléètì, ọ̀pọ̀ ni yóò dárúkọ abúlé kan tí mọ́tò kì í sábà dé: ilé gbọọrọ kan tí a fi amọ̀ mọ, tí a fi koríko tàbí páànù bò, tí igi odán kan wà níwájú rẹ̀, tí a sì so irin kan rọ̀ sí ẹ̀ka igi náà gẹ́gẹ́ bí agogo. Ilé gbọọrọ náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. A kò ní sọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí yunifásítì, nítorí àwọn wọ̀nyí ní akọ̀wé tí ń kọ ìtàn wọn sílẹ̀. Ilé-ìwé abúlé ni kò ní ẹni tí ń pìtàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni ìyá gbogbo wọn.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí kò ju ìbéèrè kan lọ: ta ni ó ni ilé-ìwé abúlé? Bí ìjì bá ṣí páànù rẹ̀, tí a bi àwọn ará abúlé, wọn a ní ti ìjọba ni. Bí a bá bi ìjọba, a ní owó kò tó, kí àwọn ará abúlé náà gbìyànjú. Bí a bá bi ìjọ Kristẹni tàbí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, wọn a ní a ti gbà á kúrò lọ́wọ́ àwọn láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn baba wa sì sọ pé, “Ohun tí a bá ní ni à ń náání, ọmọ aṣẹ́gi a máa náání èèpo igi.” Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá gbà pé òun ni ó ni ín, ta ni yóò náání rẹ̀? Kí a lè dáhùn ìbéèrè yìí bí ó ti yẹ, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, ilẹ̀ Ìlọrin kì í ṣe ilẹ̀ òpè. Láti ayé Ṣéù Àlímì, ẹni tí Àfọ̀njá Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò fi ṣe alájọṣe, àti láti ayé ọmọ rẹ̀ Abdulsalami tí ó jẹ Ẹ́mírì àkọ́kọ́, ni àwọn àáfà ti ń wọ́ wá sí ìlú náà láti ìhà gbogbo, tí ìmọ̀ kéú sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ilé kéú kò mọ sí àárín ìlú nìkan. Ó dé abúlé, ó dé ẹ̀bá oko. Wàláà onígi ni ìwé ọmọdé, gègé ni ó fi ń kọ̀wé, tàdáà sì ni yíǹkì rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá ka Kùránì dé ibi tí ó yẹ, àwọn òbí rẹ̀ a ṣe wòlímọ̀ fún un, wọn a pa ẹran, wọn a se oúnjẹ, gbogbo ẹbí a sì pé jọ láti bá a yọ̀. Àwọn àáfà mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyèsí ohun kan níhìn-ín: kò sí ìjọba tí ó kọ́ ilé kéú, kò sì sí ìjọba tí ń san owó oṣù àáfà. Ẹni tí ó bí ọmọ ni ó ń bọ́ olùkọ́ ọmọ, ó ń fún un ní àgbàdo, ó ń fún un ní iṣu, ó ń fún un ní sàárà. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó jẹ́ béèrè pé ta ni ó ni ilé kéú. Àwọn tí ń jẹ àǹfààní rẹ̀ ni ó ni ín.

Ní oṣù kejì ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Òkè Ọya lọ́wọ́ Kọ́ńpìnnì náà, tí Lugard sì di alákòóso rẹ̀. Lugard ṣèlérí fún àwọn Ẹ́mírì pé ìjọba òun kò ní dá sí ẹ̀sìn wọn. Nítorí ìlérí yìí, ìjọba kò fi ààyè gba àwọn míṣọ́nnárì láti máa kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé sí àárín àwọn ìlú Mùsùlùmí bí wọ́n ti ń ṣe ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ní Àgbádárìgì, etí òkun, ọmọdé ti ń kọ́ A B D láti ọdún 1843. Ní ilẹ̀ Òkè Ọya, ó di ọdún 1909 kí Hanns Vischer tó dá ilé-ìwé ìjọba sílẹ̀ ní Nàsàráwá, Kánò. Ó sì di ọdún 1914, ọdún tí a so Gúsù pọ̀ mọ́ Àríwá, kí ti Ìlọrin tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó di Government Secondary School lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ yọ 1843 kúrò nínú 1914, ẹ ó rí i pé ọdún 71 ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ilé-ìwé ìjọba náà pàápàá, ọmọ ọba àti ọmọ ìjòyè ni a kọ́kọ́ ń wá fún un. Ọ̀pọ̀ òbí sì ń ṣiyèméjì, nítorí wọ́n rò pé ẹni tí ó bá kọ́ ìwé òyìnbó yóò gba ẹ̀sìn òyìnbó pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ sí yí ọkàn àwọn ènìyàn padà kò ti ẹnu oníwàásù wá, bí kò ṣe láti orí irin. Ní ọdún 1908 ni ọkọ̀ ojú irin ti Èkó kọjá ní Ọ̀fà, tí ó sì dé Ìlọrin. Ní ọdún 1909 ó dé Jẹ́bà ní etí Ọya. Ọkọ̀ ojú irin kò dá wá. Ó kó òṣùwọ̀n wá, ó kó tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé ẹrù wá, ó kó wáyà wá. Àgbẹ̀ tí ó ru iṣu tàbí òrí wá tà, bí kò bá mọ ojú òṣùwọ̀n, iye tí a bá pè fún un ni yóò gbà. Oníṣòwò tí ó rán ẹrù lọ sí Èkó, bí kò bá lè ka ìwé ẹrù rẹ̀, akọ̀wé ni yóò máa sanwó fún kí ó tó mọ ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀. Níbi báyìí ni baba tí kò tí ì ka ìwé rí ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ nínú ara rẹ̀ pé, bí a tilẹ̀ ti rẹ́ òun jẹ, a kò ní í rẹ́ ọmọ òun jẹ.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ìlú Ìlọrin kò ṣí fún àwọn míṣọ́nnárì, ìhà àwọn ìlú kéékèèké àti abúlé ni wọ́n darí sí, pàápàá ní ilẹ̀ Ìgbómìnà àti agbègbè Ọ̀fà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ gbé ìwé dé gbogbo abúlé wọ̀nyí. Nínú púpọ̀ wọn, ọmọ ìlú tí ó ti ṣòwò tàbí tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ ni ó dì í mọ́ ẹrù rẹ̀ bọ̀ wálé. Òun ni yóò kó àwọn ọmọdé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí yóò máa kọ́ wọn ní lẹ́tà kí olùkọ́ tó dé. Nígbà tí ìjọ bá sì ṣèlérí pé òun yóò rán olùkọ́ wá bí ilé bá wà, àwọn ará abúlé a bẹ̀ ọ̀wẹ̀. Ọkùnrin a po amọ̀, obìnrin a pọn omi, ọmọdé a ru koríko, àwọn àgbà a sì yan ilẹ̀ tí ó dára fún un. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ilé-ìwé ti dìde dúró láìjẹ́ pé ìjọba ná kọ́bọ̀ sí i. Yàrá tí olùkọ́ yóò máa sùn, abúlé ni ó fún un; iṣu tí yóò máa jẹ, abúlé ni ó gbé e wá. Bí òjò bá ba ògiri jẹ́, kò sí ẹni tí ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ibì kankan. Amọ̀ ni a tún pò.

Olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà, kíláàsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin a sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó ti ń gbọ́ ìwé kíkà àwọn kan ní ìhà ọ̀tún, àwọn mìíràn a máa ṣírò pọ́ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ní ìhà òsì, àwọn tí ó kéré jù a sì máa fi òkúta wẹ́wẹ́ ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé A B D ni, àti lẹ́yìn ìgbà náà ìwé Aláwíyé tí J. F. Ọdúnjọ ṣe, èyí tí ó gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan. Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes tí ó yí ilẹ̀ Áfríkà ká tẹ ìwé jáde ní ọdún 1922, ó ní ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ àwọn ọmọ kò bá ìgbé ayé wọn mu; ní ọdún 1925 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà kọ ìlànà sílẹ̀ pé kí ẹ̀kọ́ bá ìṣe àti iṣẹ́ àwọn ènìyàn mu. Oko ilé-ìwé wà lára ohun tí irú èrò báyìí fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oko yìí kò tẹ́ gbogbo òbí lọ́rùn, wọ́n ní oko ń bẹ nílé, ìwé ni àwọn ní kí ọmọ lọ kọ́. Àwa kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ó yọ̀ǹda ọmọ tí ìbá máa bá a roko, ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a fi àkókò ọmọ náà ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ilé-ìwé kékeré kò lè ṣe ohun ńlá, kí ó rántí Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ní ọdún 1933, H. G. Ramshaw, òyìnbó tí ń bẹ àwọn ilé-ìwé ìjọ C.M.S. wò, dé ìlú náà. Nínú igbó kan níbẹ̀ ni ó ti rí àwọn ère òkúta, ọkùnrin àti obìnrin, tí wọ́n ju 800 lọ, púpọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, wọ́n di irun, wọ́n sì wọ ẹ̀ṣọ́ bí ènìyàn pàtàkì. Àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ̀ wọ́n láti ayébáyé, wọ́n ń bọ wọ́n, ìtàn wọn sì sọ pé àlejò tí ó di òkúta ni wọ́n. Ramshaw ni ó ròyìn wọn fún ayé. Ní ọdún 1945 a kọ́ ilé fún wọn, èyí tí ó jẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà; Èkó kò tí ì ní, Ìbàdàn kò tí ì ní. Iṣẹ́ ilé-ìwé ni ó gbé òyìnbó yìí kiri ilẹ̀ Ìgbómìnà. Òun náà ni ó sì gbé e dé iwájú àwọn ère náà. Ilé-ìwé abúlé jẹ́ ojú ọ̀nà: ohun tí ó wà lẹ́yìn odi ń gba ibẹ̀ wọlé, ohun iyì tí ó wà nínú ilé náà sì ń gba ibẹ̀ jáde.

Àwọn Mùsùlùmí kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 1923 ni a dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kọ́ ìwé òyìnbó láìfi ẹ̀sìn baba rẹ̀ sílẹ̀. Ní Ìlọrin gan-an, Ṣéù Muhammad Kamaldeen Al-Adaby dá ẹgbẹ́ Ansarul-Islam sílẹ̀ ní ọdún 1942, ẹgbẹ́ náà sì kọ́ ilé-ìwé káàkiri, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ kéú àti ìwé òyìnbó pa pọ̀. Ní ọdún 1943, àwọn ọmọ Ọ̀fà nílé lóko, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀fà, dá Offa Grammar School sílẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ń jáde ní ilé-ìwé kékeré láìní ibi tí wọn yóò lọ. Ẹ wo ọdún wọ̀nyí dáadáa: Ogun Àgbáyé Kejì ń jà lọ́wọ́, ọjà wọ́n, owó kò sí. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn dá owó, wọ́n kọ́lé. Wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí tiwọn ni.

Ọdún 1955 dé, ó sì fi ohun kan hàn tí ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé jẹ́ 456,600 ní ọdún 1954. Ní ọdún 1955 wọ́n di 811,432. Ṣùgbọ́n Ìlọrin àti Ọ̀fà wà lábẹ́ ìjọba Àríwá. Nítorí náà, ọmọ tí a bí sí Òkúkù lọ sí ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ ìbátan rẹ̀ tí a bí sí Ọ̀fà kò sì ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ èdè kan ni wọ́n ń sọ, ọjà kan ni àwọn ìyá wọn ń ná. Ìlà tí a fà sórí ìwé ni ó pín wọn níyà. Kò yani lẹ́nu pé láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ Tálákà Parapọ̀ dìde ní Ìlọrin, tí ọ̀pọ̀ sì ń fẹ́ kí a dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ará wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìyẹn kò ṣeé ṣe. Àwọn abúlé wa tún di ọ̀wẹ̀ wọn mú, wọ́n ń kọ́ ilé-ìwé wọn bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni a dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní Kwárà. Láàárín ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀lé e, ìjọba gba àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ àti àwọn ẹgbẹ́, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án ọdún 1976 sì ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Àǹfààní tí ó wà nínú èyí pọ̀, a kò gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ọmọ tí baba rẹ̀ kò lè san owó di ọmọ ilé-ìwé. Ọmọbìnrin tí ìbá máa gbé igbá kiri di ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀ kọ. Àwọn ọmọ tí ó wọlé ju èyí tí a retí lọ fíìfíì, a sì ń wá olùkọ́ pẹ̀lú ìkánjú láti kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ọ̀tún ti ń fún ni, ọwọ́ òsì ń gba ohun kan lọ tí ẹnikẹ́ni kò kíyèsí. Ọ̀wẹ̀ parẹ́. A ti ní òwe kan tẹ́lẹ̀ tí kò dára, pé iṣẹ́ ọba kì í ṣe iṣẹ́ baba ẹni. Ní ọjọ́ tí a kọ orúkọ ìjọba sí ara pátákó ilé-ìwé, òwe náà wọ inú ọgbà rẹ̀. Ògiri tí àwọn bàbá kan fi ọwọ́ ara wọn mọ, àwọn ọmọ wọn ń wò ó bí ó ti ń wó.

Òfin kò sí lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1999 ni a kéde ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, èyí tí a ń pè ní U.B.E., ní ọdún 2004 a sì sọ ọ́ di òfin. Òfin náà sọ pé ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì jẹ́ dandan. Ó sọ pé òbí tí kò bá rán ọmọ rẹ̀ lọ, a ó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un. Bí ó bá ṣe é nígbà kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Bí ó bá tún ṣe é, ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì. Ó sì sọ pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò ìjọba àpapọ̀ ni kí a máa yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ gba owó ìkọ́lé nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú iye kan náà sílẹ̀ láti inú àpò tirẹ̀. Bí kò bá mú un sílẹ̀, owó náà yóò jókòó sí Àbújá. Kwárà wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí a dá owó yìí dúró fún, fún ọdún mélòó kan ṣáájú ọdún 2020. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ohun tí èyí jẹ́. Ẹni tí ó ní ọjà ní Èkó tí kò sì rí owó ọkọ̀ san, ọjà náà kò tíì di tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ilé-ìwé kò sì tán nínú ìwé òfin nìkan. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjọba Kwárà ti ilé-ìwé 10 pa ní Ìlọrin fún ìgbà díẹ̀ nítorí àríyànjiyàn lórí híjáàbù. Ìjọ tí ó kọ́ wọn ní tàwọn ni. Ìjọba ní òun ti gbà wọ́n, òun ni ó sì ń san owó oṣù àwọn olùkọ́ wọn. Àwa kò jókòó lórí àga ìdájọ́. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé rí ni pé ní gbogbo ìgbà tí àwọn àgbà fi ń jà lórí ẹni tí ó ni ilé, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn géètì.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo abúlé ní òde òní. Ẹni tí ó bá ní owó díẹ̀ a kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú, sí ilé-ìwé aládàáni. Ọmọ ẹni tí kò ní ni ó kù. Olùkọ́ tí ìjọba rán sí abúlé a máa gbé ìlú, a máa gun ọ̀kadà lọ, ọ̀kadà bọ̀. Bí òjò bá rọ̀ tàbí tí epo bá wọ́n, kíláàsì a dá páropáro. A kò bá olùkọ́ wí lórí èyí tán, nítorí yàrá tí abúlé ń fún olùkọ́ ní ayé àtijọ́ kò sí mọ́. Ní ìhà Àsà àti Mórò, gáà àwọn Fúlàní wà tí ọmọ ń da màlúù ní àkókò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàwé. Láti ọdún 1989 ni a ti ní òfin lórí ẹ̀kọ́ àwọn darandaran, síbẹ̀ iṣẹ́ kù púpọ̀. Ní ọdún 2022 ni ìjọba Kwárà bẹ̀rẹ̀ ètò KwaraLEARN, nínú èyí tí olùkọ́ ń mú ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti inú ẹ̀rọ kékeré kan tí ó gbé lọ́wọ́. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ògiri, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè pọn omi.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó kan abúlé ju ìlú lọ ni ti èdè. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán ohun kan wò ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́: wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa nínú ìṣirò àti àwọn iṣẹ́ mìíràn ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 a tún fagi lé e, a ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ ìlú ńlá lè máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ẹ̀rọ àti lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ abúlé ń kọ́ńkọ́? Ẹnu olùkọ́ nìkan ni ó ti ń gbọ́ ọ. Bí a bá fi èdè tí kò yé e bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ohun méjì ni a jọ fi dù ú lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣirò àti èdè.

Kí ni ṣíṣe? Àwa kò gbà pé kí a tú ìjọba sílẹ̀ kí ó máa lọ. Owó tí a yà sọ́tọ̀ nínú òfin, owó wa ni. Ó tọ́ kí a béèrè rẹ̀ ní gbangba, kí a sì mọ iye tí ó dé ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sí nílé kò lè mọ ohun tí a gbé wọ ilé. Òfin ìsinsìnyí fi ààyè sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ kan ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, tí a ń pè ní S.B.M.C., nínú èyí tí òbí, àgbà ìlú, olùkọ́ àti oníṣọ̀nà lè jókòó. Ní ibi púpọ̀ orúkọ lásán ni. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú, nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ọdún Iléyá tàbí fún Kérésìmesì, ẹ béèrè pé àwọn wo ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, ìgbà wo ni wọ́n sì pàdé kẹ́yìn. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ń dá owó aṣọ ẹbí dá owó yàrá méjì fún olùkọ́, kí olùkọ́ lè sùn ní abúlé. Oníṣòwò páànù mọ iye tí ìdì kan jẹ́. Bírikìlà tí ó kàwé níbẹ̀ mọ ọjọ́ mélòó ni yóò gbà á láti tún ògiri ṣe. Ọ̀wẹ̀ ni a ń sọ, kì í ṣe àánú.

Ohun kan sì tún wà tí kò ná ni ní owó. Bí rẹ́jísítà àtijọ́ bá wà nínú àpótí olórí olùkọ́, tí ikán kò tíì jẹ ẹ́, ẹ wá ẹni tí yóò da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kọ. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tí ó yọ̀ǹda ilẹ̀, ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́ni, ọdún tí a bo ilé náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Abúlé tí ó bá mọ̀ pé àwọn baba òun ni ó po amọ̀ ilé náà, yóò ṣòro fún un láti sọ pé ti ìjọba ni.

Ẹ wo Malete ní ìhà Mórò. Abúlé ni àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Láti ọdún 2009 ni Yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwárà ti wà níbẹ̀. Ọmọ tí yóò bá wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti abúlé ìtòsí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ilé gbọọrọ kan kọjá. Bí ilé náà bá wó, ọmọ àlejò ni yóò máa kàwé ní ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ ti ń ru ẹrù.

Nítorí náà, bí a bá bi wá pé ta ni ó ni ilé-ìwé abúlé, ìdáhùn tiwa nìyí: ìjọba ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ìjọ àti ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí a máa rántí fún un, ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń jókòó nínú rẹ̀ ni ó ni ín. Kí ẹni náà dìde nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, kí ó lọ wo páànù rẹ̀. Ire o.